Kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó wọ kíláàsì lọ kọ́ni ní àṣà: ìtọ́sọ́nà fún àwa tí a ń rán wọn lọ TP l'Ábẹ́òkúta

Ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan lásìkò TP (Teaching Practice, ìgbà tí a ń rán akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lọ fi iṣẹ́ dánra wò ní ilé ìwé), níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ti ń kọ́ni ní àṣà tàbí ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Láyé àtijọ́, àwọn baba ńlá wa tí ojú wọn kò tíì là máa ń bọ ère." Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ á rò pé ẹ̀kọ́ ti ń wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n ọmọ kan lè wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ bọ Ògún láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó gbé mọ́tò jáde. Ìyẹn ò ní rẹ́rìn-ín.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò burú. Ó da ìwé kọ ni, ìwé tó dà kọ náà sì ti da òmíràn kọ. Ẹ̀bi wa wà ńbẹ̀ o, àwa tí a ń kọ́ wọn: a máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún àṣà, a kì í sì í fi hàn wọ́n pé iṣẹ́ ni ọ̀wọ̀ náà, iṣẹ́ tí a máa ń ṣe kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ni àṣà, kì í ṣe nínú láíbìrì. Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àti alábòójútó TP ni mo kọ èyí fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ dá a ṣe náà lè tẹ̀ lé e.

Ohun tí ẹ ó wá sílẹ̀

- Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán, kí TP tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má retí ọ̀sẹ̀ kan. Olóhun, ìyẹn ẹni tó ni àṣà náà, kì í jókòó de akẹ́kọ̀ọ́.
- Orí-ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, láti inú sìlábọ́ọ̀sì ilé ìwé tí wọ́n ń rán an lọ.
- Èèyàn méjì tó ń ṣe ohun náà títí di òní. Kí ọ̀kan má jẹ́ arúgbó, kí obìnrin sì wà níbẹ̀ bí ohun náà bá jẹ́ èyí tí obìnrin ń ṣe.
- Lẹ́tà ìfinimọ̀ni láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n fi Yorùbá kọ. Lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì máa ń mú kí ìyá oníṣòwò rò pé lọ́kà gọ́fúmẹ́ǹtì ló rán wọn wá gba owó orí.
- Owó ọkọ̀, àti owó díẹ̀ fún ẹni tí a fẹ́ gba àkókò rẹ̀. Ẹni tó fi wákàtí kan sílẹ̀ láàárín ọjà ti pàdánù nǹkan, "ẹ ṣeun mà" nìkan kò sì tó o.
- Ìwé àjákọ kan tí a fi rúlà pín ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́ta.
- Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, tí a tẹ̀ sórí pépà. Ìsọ̀rí kejì rẹ̀ ló kàn wá: a kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kankan láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí láti kópa nínú ètò ẹ̀sìn, tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ẹ ó lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìpele 1: Ẹ dín orí-ọ̀rọ̀ kù, kí ẹ sì béèrè ta ló ni ín

"Àṣà Yorùbá" kì í ṣe orí-ọ̀rọ̀. "Àṣà Abẹ́òkúta" pàápàá ti fẹ̀ jù. Ìlú yìí nìkan ní ọba tó ju ọ̀kan lọ: ó ní Aláké, ó ní Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, ó ní Àgùrá Gbágùrá, ó ní Olówu, Olúbarà sì wà ní Ìbarà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí Òwu ń ṣe ni Ẹ̀gbá Aláké ń ṣe, ẹ má sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan pa gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ "àwọn Ẹ̀gbá" láì béèrè.

Bí a bá jáde sí ìyókù ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Àwọn Kétu àti àwọn ará Yewa ló ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kọ sínú àkójọ rẹ̀ lọ́dún 2008. Àwọn Ògù, tí wọ́n wà láti Ìpókíá títí dé Badagry ní ìpínlẹ̀ Èkó, ló ni Zangbeto, tó máa ń jáde ṣọ́ ìlú lóru. Ògù kì í ṣe Yorùbá. Èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ, èdè Fọ̀n ti orílẹ̀-èdè Benin ló sì bá èdè náà tan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "àwa Yorùbá máa ń gbé Zangbeto jáde" ti mú ohun olóhun fún ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyìn ló fẹ́ fi yìn wọ́n.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin: Ta ló ni ín? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é gbẹ̀yìn? Ta ni mo mọ̀ tí mo lè lọ bá? Bí ìdáhùn ìkẹrin bá jẹ́ Google, kí ó pààrọ̀ orí-ọ̀rọ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, èrò mi ni pé kí a fún un ní àdìrẹ, tàbí láfún àti oúnjẹ Ẹ̀gbá, tàbí ìkíni, tàbí oríkì. Kí a má gbé Orò fún un. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé kí a ti jù ú sínú omi kó lè kọ́ ìwẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogójì tó wà níwájú rẹ̀ kò sọ pé àwọn fẹ́ rì pẹ̀lú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ní kó sọ orí-ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kan. "Bí àwọn obìnrin Ìtokú ṣe ń ṣe àdìrẹ lónìí" yege (Ìtokú ni àdúgbò ọjà àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta). "Iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́" kò yege, kí ó padà lọ.

Ìpele 2: Ẹ fọ ohun tó wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí kálukú kọ ohun tó mọ̀ nípa orí-ọ̀rọ̀ rẹ̀ láì wo ìwé, láì wo fóònù. Kí wọ́n wá pààrọ̀ ìwé, kí ẹnì kejì fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ó ti rí ìdájọ́. Ẹ má ṣàlàyé ohun tí ìdájọ́ jẹ́ jù. Wọ́n á mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá rí i nínú ìwé ẹlòmíràn.

Àwọn tó máa ń jáde jù nìyí:

- "Abọ̀rìṣà", "kèfèrí", "aláìgbàgbọ́". Ẹ béèrè ohun tí àwọn fúnra wọn ń jẹ́. Oníṣẹ̀ṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa sọ. Ẹlòmíràn á ní olórìṣà, tàbí babaláwo, tàbí ọlọ́ṣun.
- "Láyé àtijọ́" fún ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá. Àwọn oníṣẹ̀ṣe ń ṣe ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní 20 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún. Ẹni tó ń ṣọdún kò tíì di ẹni àná.
- "Wọ́n rò pé", "wọ́n ní ìgbàgbọ́ asán pé".
- "Kí ọ̀làjú tó dé."

Fún èyí tí ojú kò bá tètè rí, ìdánwò kan wà tí kì í tàsé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú gbólóhùn tó kọ, kó yọ òrìṣà kúrò, kó fi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí sí i. "Àwọn Mùsùlùmí rò pé ààwẹ̀ lè mú ẹ̀ṣẹ̀ wọn kúrò." Ṣé ó lè ka èyí sókè níwájú ààfáà? Bí kò bá lè kà á, kò gbọdọ̀ ka èkejì rẹ̀ níwájú ọmọ olórìṣà. "Àwọn Mùsùlùmí ń kọ́ni pé" ni a ó kọ, "àwọn olórìṣà ń kọ́ni pé" náà ni a ó sì kọ.

Ibi tí àwa olùkọ́ ti máa ń ṣìṣe jù ní ìpele yìí ni pé a máa ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin tó ń kọrin nínú kuáyà kò ní láti gba Ifá gbọ́ kó tó lè kọ́ni nípa rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un ní gbangba lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ara tù ú. Sísọ ohun tí olóhun sọ láì fi tirẹ̀ kún un ni iṣẹ́ rẹ̀.

Àṣìṣe kejì wá láti apá kejì, àwọn tó fẹ́ràn àṣà jù ló sì máa ń ṣe é. "Ifá ni ó bí kọ̀ǹpútà." Ó dára, odù Ifá jẹ́ 256, àwọn àgbà odù inú rẹ̀ jẹ́ 16, àwọn tó mọ ìṣirò sì lè bá yín sọ bí igba àti mẹ́rìndínlọ́gọ́ta náà ṣe jáde láti inú mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún. Ohun tó tó gbé àwọn ọmọ lójú sókè nìyẹn láì fi irọ́ sí i. Ìyìn tí kò ṣeé fìdí múlẹ̀ máa ń já lójú ọmọ tó gbọ́n, gbogbo ohun tó kù nínú ẹ̀kọ́ náà á sì bá a já.

*Àyẹ̀wò:* Kí akẹ́kọ̀ọ́ tún ohun tó kọ kọ, kó sì kà á sókè fún ẹnì kejì rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ olóhun nìyẹn. Níbi tí ohùn rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ tàbí tó ti yára kọjá, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ rán wọn lọ sọ́dọ̀ olóhun

Ìpele yìí ló gùn jù, òun náà ló sì ń ya ẹni tó ṣe iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó da ìwé kọ. Ẹ jẹ́ ká mú àdìrẹ Ìtokú ṣe àpẹẹrẹ.

Kí wọ́n lọ ní méjì-méjì, kì í ṣe ogún. Ogún akẹ́kọ̀ọ́ tó yí ìyá kan ká nídìí ìkòkò aró ti di ìdíwọ́ ọjà. Bí wọ́n bá bá aláró lẹ́nu iṣẹ́, "Àrẹ̀dú o" ni ìkíni. Lọ́dọ̀ babaláwo, "Àbọrú bọyè o". Kí ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹríba, kí ọmọbìnrin kúnlẹ̀ tàbí kó yíká díẹ̀. Aṣọ TP kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lè rí báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, olùkọ́ la fẹ́ ṣe. Wọ́n ní ká wá béèrè lọ́wọ́ yín bí ẹ ṣe fẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Bí ọwọ́ yín bá dí, ẹ sọ ìgbà tí a lè padà wá."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn máa ń ṣílẹ̀kùn ju lẹ́tà lọ.

Lẹ́yìn náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí wọ́n má gbàgbé, ohun yòówù kí wọ́n tún béèrè: *Kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ mọ̀ nípa èyí? Kí ni kò yẹ ká sọ ní kíláàsì? Ṣé ẹ fẹ́ ká dárúkọ yín, àbí kí a má dá a?* Ìkejì ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò, nítorí ó rò pé ìwà ìyájú ni. Òdì kejì ni. Nígbà tí ẹ bá béèrè ohun tí kò yẹ kí ẹ sọ, olóhun á mọ̀ pé ẹ kò wá jí nǹkan, á sì túbọ̀ sọ èyí tó ṣeé sọ fún yín.

Nínú ìwé àjákọ, ìpín àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tí wọ́n sọ, ìkejì jẹ́ ohun tí mo rí, ìkẹta jẹ́ ohun tí mo rò. Ìkẹta kò ní wọ kíláàsì. Ìkejì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí inú rẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ là ojú. Ẹni tó bá kọ pé "wọ́n rẹ aṣọ sínú aró" kò tíì rí nǹkan kan. Ẹni tó dúró wò ó dáadáa á kọ pé aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró ẹ̀lú kì í jáde ní dúdú: ó máa ń jáde bí ewé tó ń pọ́n, àwọ̀ ewé àti ìyeyè papọ̀, afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, àwọ̀ náà á sì yí lójú yín di aró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n tún ń rẹ ẹ́ títí yóò fi dú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Á kọ pé ìko ni wọ́n fi di ti oníko, pé abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi rán ti alábẹ́rẹ́, pé ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ pákí sára ti ẹlẹ́kọ kí aró má bàa wọ ibẹ̀. Á sì kọ ohun tó wà níbẹ̀ lónìí pẹ̀lú: kàǹdẹ́lì tí wọ́n yọ́, fóòmù tí wọ́n gé ní ọnà, kọ́sítíìkì àti háídírò (kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po aró), aró onílé-iṣẹ́ nínú báfù ṣíṣí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí báfù àti kàǹdẹ́lì, ojú á tì í, á padà wá kọ ìkòkò àti ewé ẹ̀lú nìkan, nítorí ìyẹn ló jọ "àṣà" lójú rẹ̀. Obìnrin tó ń fi kàǹdẹ́lì ṣe àdìrẹ lónìí kò ba àṣà jẹ́. Òun gan-an ló gbé e dé ọdọ̀ wa. Ẹ kọ méjèèjì.

Ohun mìíràn: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kà níbì kan pé Ìyá Mápó ni òrìṣà àwọn aláró, kó má sáré kọ ọ́ pé gbogbo aláró Ìtokú ló ń bọ ọ́. Kó béèrè. Mùsùlùmí ló máa bá nídìí iṣẹ́ kan, ó lè bá ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ nídìí òmíràn. Ẹni tó bá ń bọ Ìyá Mápó á sọ, ẹni tí kò bọ ọ́ náà á sọ, ìdáhùn méjèèjì sì yẹ nínú ẹ̀kọ́.

Fóònù kì í jáde nínú àpò kí wọ́n tó gbàyè. Bí wọ́n bá ya fọ́tò, kí wọ́n fi han ẹni tí wọ́n yà kí wọ́n tó kúrò, kí wọ́n sì pa èyí tí kò bá fẹ́ rẹ́ lójú rẹ̀. Kò sí gbígbé e sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp. Mo máa ń sọ èyí léraléra títí ó fi ń sú wọn, wọ́n ṣì ń gbé e.

*Àyẹ̀wò:* Kí akẹ́kọ̀ọ́ padà lọ, kó ka ohun tó kọ sílẹ̀ fún olóhun ní Yorùbá. Bí olóhun bá tún nǹkan ṣe, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Bí kò bá tún ohunkóhun ṣe, tó kàn ń sọ pé "ó dáa, ó dáa", ẹ fura pé kíákíá ni akẹ́kọ̀ọ́ kà á, tàbí pé gẹ̀ẹ́sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìpele 4: Ẹ pinnu ohun tí kò ní wọ kíláàsì

L'Ábẹ́òkúta, Orò àti egúngún ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá lé lórí. Méjèèjì wà nínú ìwé àwọn ọmọ, nítorí náà a ò lè ṣe bí ẹni pé wọn kò sí.

Ohun tó wà ní gbangba ni a ó sọ. Gbogbo ìlú mọ̀ pé wọ́n máa ń kéde ọjọ́ Orò, pé obìnrin kì í jáde nígbà tó bá wà níta, pé ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ètò ìlú láti ìgbà pípẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó jẹ́ obìnrin lè kọ́ni ní èyí láì sí ìyọnu. Ohun tó wà lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ ti àwọn tó wà nínú awo. Kò sí fífi ẹnu dún bí Orò láti pa ọmọ lẹ́rìn-ín. Kò sí bíbéèrè ta ló wà lábẹ́ aṣọ egúngún. Ará ọ̀run ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Kò sí fífi àpò ìrẹsì rán ẹ̀kú fún ọmọkùnrin kan kó máa lé àwọn yòókù kiri kíláàsì, bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́jọ́ àṣà.

Ọmọ kan á dìde dandan, á ní, "Tíṣà, mo mọ ohun tó wà ńbẹ̀, bàbá mi ti mú mi wọ̀ ọ́." Ẹ kọ́ wọn ní ìdáhùn: "O ṣeun. Ti àwọn tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn, a kì í sọ ọ́ ní kíláàsì." Ohùn pẹ̀lẹ́, láì bú u, láì béèrè síwájú. Dídákẹ́ yàtọ̀ sí irọ́: olùkọ́ tó sọ pé "èyí kì í ṣe tèmi láti sọ" ti kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan pàtàkì nípa àṣà náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò túmọ̀ sí pé kí a bo àríyànjiyàn mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin kan ń bínú sí títì wọ́n mọ́lé lọ́jọ́ Orò, àwọn kan sì ń sọ pé ìlú kò gbọdọ̀ pa á tì. Bí ọmọ bá béèrè, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí apá méjèèjì sọ, kó má dá ẹjọ́.

Ìpele yìí náà ni abala 38 ti wúlò jù. Àwọn ọmọ lè gbọ́ pé àwọn olóhun ń ta omi sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe nǹkan kan; a kò ní kí wọ́n ta á. Wọ́n lè gbọ́ ìtàn inú ẹsẹ Ifá gẹ́gẹ́ bí ìtàn. A kò ní kí wọ́n dìde kí wọ́n máa dáhùn "àṣẹ". Kí ọ̀gá ilé ìwé rí ètò ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó má jẹ́ pé ẹnu òbí ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

*Àyẹ̀wò:* Ojú ewé kan nínú ìwé àjákọ tí a kọ "a kò ní sọ" sí lórí, tí ohun mẹ́ta ó kéré tán sì wà níbẹ̀ láti ẹnu olóhun. Bí ojú ewé náà bá ṣófo, wọn kò béèrè ìbéèrè kejì nìyẹn.

Ìpele 5: Ètò ẹ̀kọ́

Èyí kò gba àkókò bí àwọn tó ṣáájú bá dáa. Ogójì ìṣẹ́jú, ohun méjì péré tí ọmọ yóò lè ṣe ní ìparí, kí ọ̀kan jẹ́ ìṣe: kí ó di ìko mọ́ aṣọ funfun kékeré, fún àpẹẹrẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé kọ́sítíìkì wọ kíláàsì, ó máa ń jó ara. Kí aláró bá wọn rẹ aṣọ tí àwọn ọmọ dì, kí wọ́n sì san owó rẹ̀. Lórí pátákó, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ti wá, bó bá ti gbà: "Ohun tí àwọn aláró Ìtokú sọ fún wa."

Ìpele 6: Ìdánrawò pẹ̀lú ìbéèrè líle

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ náà, kí àwọn ẹgbẹ́ ṣe bí ọmọ ọdún méjìlá, kí ẹ sì ti fún wọn ní ìbéèrè tí wọ́n máa jù sí i. Àwọn tó máa ń yọ olùkọ́ lẹ́nu nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo fara mọ́.

*"Tíṣà, ṣé Èṣù kọ́ ni Sátánì ni?"* — "Nínú Bíbélì Yorùbá, wọ́n lo orúkọ yẹn fún Sátánì. Àwọn olórìṣà ní tiwọn sọ pé òrìṣà tó ń gbé ẹbọ lọ ni Èṣù, wọn kò kà á sí Sátánì. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ti àwọn olórìṣà là ń sọ." Ó tán. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lo ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí èyí, píríọ́dù á parí síbẹ̀.

*"Ìyá àgbà mi ń bọ Ọ̀ṣun. Ṣé ọ̀run àpáàdì ni wọ́n ń lọ?"* — Kíláàsì á dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pásítọ̀ nílé máa ń fẹ́ dáhùn, èyí tí kì í ṣe pásítọ̀ máa ń fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́ wọn láti sọ pé: "Èmi kò wá láti sọ ibi tí ẹnikẹ́ni ń lọ. Ìyá àgbà rẹ mọ nǹkan púpọ̀ tí èmi ò mọ̀. Bí wọ́n bá gbà, bi wọ́n ní ohun kan nípa Ọ̀ṣun."

*"Tíṣà, ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀sìn wo lẹ ń ṣe?"* — Kí ó dáhùn ní ọ̀rọ̀ kan, láì fi wàásù tẹ̀ lé e, kó padà sídìí ẹ̀kọ́.

*"Pásítọ̀ wa ní ká má gbọ́ irú èyí."* — "Ẹ̀kọ́ nípa ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe ni, a ò ní ṣe é níbí. Bí ìyá tàbí bàbá rẹ bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá." Kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun nípa pásítọ̀ náà.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí olùkọ́ ń ṣe sí ọmọ láì mọ̀, tí ẹ gbọ́dọ̀ wò nígbà ìdánrawò. "Ìwọ tó o jẹ́ Ògù, dìde, sọ èdè yín ká gbọ́." Ọmọ kì í ṣe ohun àfihàn; bí ó bá fẹ́ sọ, ó máa nawọ́. Orúkọ náà ńkọ́? Ọmọ tí orúkọ bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ifá, Ògún tàbí Èṣù kò nílò kí olùkọ́ tẹjú mọ́ ọn nígbà tó bá ń pe orúkọ. Èyí tí ìdílé rẹ̀ ti yí tirẹ̀ sí Olú tàbí Jésù kò nílò kí olùkọ́ sọ pé "ẹ ti sọ orúkọ yín nù". Bí iṣẹ́ àṣetiléwá bá sì jẹ́ "béèrè oríkì rẹ nílé", ẹ fi ọ̀nà mìíràn sí i: orin tàbí ìkíni kan láti ìlú rẹ. Ọmọ Ìgbò tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Láfẹ́nwá, ọmọ Hausa láti Sábó, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n ki òun: ó yẹ kí gbogbo wọn rí nǹkan mú wá láì jókòó sílé fún ìtìjú.

*Àyẹ̀wò:* Akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin láì wẹ̀yìn wo yín. Bí ó bá ń wo ojú yín kó tó dáhùn, kò tíì jẹ́ tirẹ̀.

Ìpele 7: Nígbà TP àti lẹ́yìn rẹ̀

Alábòójútó tó bá jókòó sẹ́yìn, kó má wo ìwé máàkì nìkan. Kó fa ìlà fún gbogbo "láyé àtijọ́", gbogbo "wọ́n rò pé", gbogbo ìgbà tí kíláàsì rẹ́rìn-ín olóhun. Kó wo ojú àwọn ọmọ tí kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Ní ìparí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun kan tó kọ́ àti ìbéèrè kan tó máa fẹ́ bi olóhun, láì kọ orúkọ. Ìbéèrè ni ẹ ó fi mọ̀. "Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?" fi hàn pé a kò tíì gbé olóhun wọ kíláàsì. "Ṣé ọwọ́ wọn kì í dúdú títí?" fi hàn pé a ti gbé e wọlé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kó àwọn ìbéèrè náà padà lọ sí Ìtokú, kó gba ìdáhùn, kó sì mú un wá fún àwọn ọmọ kí TP tó parí.

Bí òbí bá wá sí ilé ìwé pẹ̀lú ìbínú, ọ̀gá ilé ìwé ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn, ètò ẹ̀kọ́ àti abala 38 ni yóò sì fi hàn án. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kò gbọdọ̀ dá nìkan dúró níwájú òbí. Bí òbí bá ṣì ní òun kò fẹ́, ọmọ rẹ̀ á wà ní láíbìrì ní píríọ́dù yẹn, pẹ̀lú iṣẹ́ gidi, láì sí ọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ yòókù.

Kí àwọn ìwé àjákọ wà ní ẹ̀ka yín fún àwọn tó ń bọ̀. Ẹ pa nọ́ńbà fóònù olóhun rẹ́ kúrò níbẹ̀, ẹ fi ojú ewé "a kò ní sọ" ṣáájú, kí ẹ sì rí i pé ẹni tó bá lò ó lọ́dún tó ń bọ̀ lọ kí olóhun fúnra rẹ̀ kó tó fi kọ́ni.